Ojú Mi Kì Í Ṣe Ẹlẹ́rìí

Ẹ bá mi dá sí i o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé Kánádà, irun orí mi ṣì pọ̀ nígbà tí mo dé, mo sì ti gba oríṣiríṣi ìwọ̀sí mọ́ra. Wọ́n ní ìwé ẹ̀rí tí mo kó wá láti yunifásítì nílé kò kún ojú ìwọ̀n, mo tún ìdánwò ṣe. Wọ́n ní ìrírí iṣẹ́ tí mo ní kì í ṣe ti Kánádà, mo lọ ń to páálí lóru ní ilé ìkẹ́rùsí. Mo gba gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi jẹ́sì kan ṣe fún mi yìí, n kò gbà, n kò sì ní gbà títí tí wọn yóò fi sin mí. Mo dúró, ojú mi méjèèjì là, n kò mutí, ọkùnrin kan gba kálàmù lọ́wọ́ mi, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sára aṣọ tí èmi fúnra mi fi ọwọ́ méjèèjì nà fún un. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan tí kò sí níbẹ̀ jókòó sí ọ́fíìsì wọn ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní àwọn kò lè sọ bóyá òun ló kọ ọ́.

Jarome Iginla ni ọkùnrin náà. Bí ẹ bá rí orúkọ yẹn tí orí yín kò wú, ẹ tún un kà. Bàbá rẹ̀, Elvis Iginla, Yorùbá ni, láti Nàìjíríà ló ti wá sí Kánádà, lọ́yà sì ni. Edmonton ni wọ́n bí ọmọ náà sí lọ́jọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1977, Adékúnlé sì wà lára àwọn orúkọ rẹpẹtẹ tí wọ́n tò fún un. Họ́kì orí yìnyín ló fi ṣe iṣẹ́ jẹun. Láti 1996 títí di 2013 ló fi gbá a fún Calgary Flames, òun sì ni balógun wọn láti 2003. Nọ́ńbà 12 tó máa ń wọ̀, wọ́n ti gbé e kọ́ òkè àjà ní 2019, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́ nínú ẹgbẹ́ náà. Góòlù 625 ló gbá wọlé nínú líìgì NHL. Ní Òlíńpíìkì Salt Lake City ní 2002, ó gbá méjì wọlé lọ́jọ́ tí Kánádà na Amẹ́ríkà ní 5 sí 2 láti gba wúrà. Ní Vancouver ní 2010, nígbà tí Sidney Crosby gbá góòlù tí gbogbo Kánádà ṣì ń sọ títí dòní, ta ló ti rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá náà sí i lẹ́sẹ̀? Ọmọ wa ni. Crosby ń pariwo "Iggy! Iggy!" bó ṣe ń sáré bọ̀, ọmọ wa ti ṣubú sórí yìnyín, síbẹ̀ ó rí i pé rọ́bà náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ tí mo sọ fún wọn pé Yorùbá ni orúkọ yẹn ni ọ̀gá wa kọ́kọ́ pe orúkọ tèmi náà bó ṣe yẹ.

Bí mo ṣe rí ìbuwọ́lùwé náà gbà kò lẹ́jọ́ nínú. Ìta ilé oúnjẹ kan ní Calgary ni, lálẹ́, òtútù ń gé ni létí. Ìyàwó mi àti ọmọ wa ti wọ mọ́tò, wọ́n ń fọn fèrè mọ́ mi. Jẹ́sì pupa náà wà nínú búùtù, nítorí n kì í jáde láìgbé e dání nígbà yẹn. Ẹ má bi mí léèrè ìdí. Ọkùnrin náà yọ, mo sáré pàdé rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ níwọ̀n tí yìnyín gbà mí láyè, ó rẹ́rìn-ín, ó gba kálàmù Sharpie aláwọ̀ fàdákà lọ́wọ́ mi, ó béèrè orúkọ mi, mo pè é fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó kọ "To Gbolahan", ó sáìn ín, ó kọ 12 sábẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò. Ta ni ìbá yà á? Ìyá Ayọ̀ tó ń fọn fèrè?

Ọ̀pọ̀ ọdún ni aṣọ náà fi sùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìgbà tó yá, nínú oṣù tí Calgary kì í fi ojú rere wo ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ tó ń mú ilé wa gbóná kú. Kò ṣàìsàn, kò wúkọ́, ó kàn kú ni. Iye tí ẹni tó ń tún un ṣe pè, mo ní kó tún un pè bóyá mi ò gbọ́ dáadáa. Ìyàwó mi wé gèlè mọ́ orí, ó wọ kóòtù lé e, ó jókòó sí pálọ̀, ó ní: "Bàbá Ayọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ní aṣọ olówó iyebíye nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kó wá mú ilé gbóná fún wa." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ká jẹ́sì sínú báàgì, mo forí lé ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ra ohun ìrántí eré ìdárayá, tí wọ́n sì ń tà á.

Òyìnbó àgbàlagbà kan ló wà nídìí káńtà. Ó wo aṣọ, ó wo èmi, ó ní ìwé rẹ̀ dà? Mo ní ìwé kí? Ó ní ìwé tó fi hàn pé òun ló sáìn ín. Mo ní èmi gan-an ni ìwé, mo wà níbẹ̀. Bàbá náà mí kanlẹ̀. Ó ní gbogbo ẹni tó bá ti gbé ayédèrú wọ ṣọ́ọ̀bù òun ló máa ń wà níbẹ̀. Ó ní ẹnì kan wà níbẹ̀ lójú ara rẹ̀ nígbà tí Maurice Richard sáìn jẹ́sì Adidas fún un.

Ẹ̀rín pa á. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí n kò tíì mọ ibi tí ẹ̀rín wà. Ó wá là mí lọ́yẹ̀: Maurice Richard, akọni ẹgbẹ́ Montreal, kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000. Ọdún 2017 ni Adidas bẹ̀rẹ̀ sí í rán jẹ́sì fún líìgì NHL. Ó ní ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìbuwọ́lùwé kọ́ ni òun kọ́kọ́ ń wò, lébẹ́ẹ̀lì ọrùn aṣọ ni. CCM ní ìgbà tirẹ̀, Koho ní tirẹ̀, Reebok ní tirẹ̀, Adidas ṣe é títí di 2024, Fanatics ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó fẹ́ lu èèyàn ní jìbìtì a fara balẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sáìn orúkọ, kò ní rántí béèrè ọdún tí wọ́n rán aṣọ.

Ó ní kálàmù pẹ̀lú máa ń sọ̀rọ̀. Ọdún 1964 ni Sharpie jáde. Georges Vézina, amúlé Montreal tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ife-ẹ̀yẹ àwọn amúlé, kú ní 1926. Ẹni tó bá gbé ìbuwọ́lùwé Vézina tí wọ́n fi Sharpie kọ wá, ó ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé bí òkú ṣe ra kálàmù. Bákan náà ni ìwé fọ́tò. Bébà òde òní ní kẹ́míkà kan tó ń mú un funfun, bí èèyàn bá tan iná UV sí i nínú òkùnkùn, á máa tàn yòò, bébà àtijọ́ kì í tàn bẹ́ẹ̀. Bí fọ́tò tí wọ́n ní wọ́n sáìn ní ọdún 1925 bá tàn bí iná Kérésìmesì, kí olówó rẹ̀ máa gbé e lọ sílé.

Ó yí inú jẹ́sì mi síta, ó ń wá okùn kan. Mo ní okùn kí? Ó ní okùn ìjà. Mo rò pé ó ń bú mi ni. Àṣé òótọ́ ni: aṣọ tí àwọn agbáhọ́kì ń wọ̀ ní okùn kan tí wọ́n rán mọ́ ẹ̀yìn inú rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń so ó mọ́ ṣòkòtò, kí ẹni tí wọ́n bá ń jà má baà fa aṣọ bò wọ́n lórí kó wá máa lù wọ́n nínú òkùnkùn. Ẹ gbọ́ ná, eré ìdárayá wo ni télọ̀ ti ń rán okùn ìjà mọ́ aṣọ? Jẹ́sì tèmi kò ní in. Ti irú àwa tó ń wo eré láti orí àga ni. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn, ó ní, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ti kéré ná.

Ìbuwọ́lùwé gan-an ló wá gùn jù. Ó fi gíláàsì tí ń sọ nǹkan wẹ́wẹ́ di ńlá sí ojú kan, ó dákẹ́. Ó ní ẹni tó ni orúkọ kì í ronú bó bá ń sáìn. Ọwọ́ rẹ̀ á wọlé, á jáde, ìlà á bẹ̀rẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́, á sanra níbi tó ti tẹ̀ ẹ́, á tún parí ní tẹ́ẹ́rẹ́ nítorí pé kálàmù ti ń gbéra kí ọ̀rọ̀ tó tán. Ayédèrú, yíyà ni wọ́n ń yà á. Olè á rọra máa tọ ìlà tó wà lọ́kàn rẹ̀, kálàmù á dúró níbi tí kò yẹ kó dúró, yíǹkì á rọ jọ síbẹ̀, orí ìlà á rí bíi kùkùté, àwọn ibi tó yẹ kó tẹ̀ á máa gbọ̀n. Lójú lásán ó jọra. Lábẹ́ gíláàsì, ìbẹ̀rù hàn nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yẹn, n kò ní parọ́, bó bá jẹ́ pé aṣọ ẹlòmíràn ló fi kọ́ mi ni.

Ṣùgbọ́n ti àtijọ́ rọrùn láti wò. Jean Béliveau, agbáhọ́kì Montreal tó kú ní 2014, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń kọ ní rẹ́gí, ẹ lè fi kọ́ ọmọ ilé ìwé ní ìkọ̀wé. Àwọn ti ìsinsìnyí, lẹ́tà kan, ìlà kan, nọ́ńbà, ó tán. Bí àwọn tó ni orúkọ bá ti sọ ọ́ di ìlà kan ṣoṣo, ẹ̀yin ẹ wo bó ṣe rọrùn fún olè tó.

Ó ní ìlà ìbuwọ́lùwé tèmi fò. Orí nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ, níbi tí aṣọ ti nípọn tó sì jọ̀lọ̀, ló yẹ kéèyàn ti gba ìbuwọ́lùwé. Ara aṣọ tó kù kún fún ihò wẹ́wẹ́ kí atẹ́gùn lè wọlé, kálàmù á máa já sínú ihò, yíǹkì á máa tàn káàkiri. Èmi sì nìyí lọ́jọ́ náà, níta, lálẹ́, tí atẹ́gùn ń fẹ́ aṣọ mọ́ mi lọ́wọ́, ibi tí kálàmù bá bà ló bà. Ó yẹ kí n sọ fún ọmọlúwàbí tó dúró nínú òtútù nítorí mi pé ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ súnmọ́ nọ́ńbà díẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ iwájú.

Bàbá náà ní òun fúnra òun gbà pé ó dára. Ó ní ó dá òun lójú, kódà. Inú mi dùn! Mo ní ó yá, ẹ san owó. Ó ní rárá o, kí n lọ gba ìwé. Ó gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní gba òun náà gbọ́. A wá jọ dúró síbẹ̀, àgbàlagbà méjì tó mọ òótọ́, tí òótọ́ náà kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni nínú wa.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi aṣọ ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, sí ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Mo san owó àyẹ̀wò, mo san owó ìfìránṣẹ́ àlọ, mo san ti àbọ̀, mo san owó adójútòfò lórí aṣọ tí wọn kò tíì gbà pé ó níye lórí. Owó àyẹ̀wò náà, ẹ gbọ́, kò dọ́gba fún gbogbo èèyàn. Bí ẹni tó sáìn bá ṣe lókìkí tó ni owó ṣe ń gòkè. Gíláàsì kan náà, àga kan náà, ojú kan náà. Ṣé ojú wọn máa ń rẹ̀ wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ bí wọ́n bá ń wo orúkọ Wayne Gretzky, àgbà ọ̀jẹ̀ họ́kì, ni?

Lẹ́tà wọn kúrú. Wọn kò ní ayédèrú ni, wọn kò ní ojúlówó ni, wọ́n ní àwọn kò ní lè sọ èrò àwọn lórí rẹ̀. Mo pe bàbá oníṣọ́ọ̀bù. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe: èrò ni wọ́n ń tà, wọn kò búra fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á kó àwọn ìbuwọ́lùwé tó dá wọn lójú jọ, wọ́n á fi tìrẹ wé e. Ó bá mi ka àlàyé tí wọ́n kọ sísàlẹ̀: ìlà tó fò lórí aṣọ oníhò, àti pé nínú gbogbo àpẹẹrẹ tó wà lọ́wọ́ wọn, kò sí èyí tí wọ́n lè fi "Gbolahan" wé.

Ẹ jókòó sórí èyí pẹ̀lú mi. Wọ́n wá "Gb" tì! Àwọn Jim àti Mike àti Steve tí Iginla ti sáìn nǹkan fún kún ilé wọn, wọ́n mọ bó ṣe ń kọ J, wọ́n mọ bó ṣe ń kọ S. Ọkùnrin tí Adékúnlé wà nínú orúkọ tirẹ̀ wá kọ Gbọ́láhàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé, ó di ohun ìfura. Bí mo bá sọ fún un pé Bob ni mò ń jẹ́, ìwé ìbá ti wà lọ́wọ́ mi.

Kí n tó sùn lọ́jọ́ náà ni mo tún gbọ́ èyí tó burú jù. Bàbá oníṣọ́ọ̀bù ní, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fún mi ní ìwé, orúkọ mi tó wà lára aṣọ náà ti gé owó rẹ̀. Àwọn tó ń ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ aṣọ tí wọ́n ti kọ orúkọ ẹlòmíràn sí. Mo ní ṣùgbọ́n olè tó ń ṣe ayédèrú kì í sábà kọ "To Lágbájá", torí kò ní rí Lágbájá tà á fún; ṣé kì í ṣe pé orúkọ mi gan-an ló fi hàn pé òótọ́ ni? Ó ní òótọ́ lo sọ. Ó ní orúkọ rẹ mú kó dà bí òótọ́, ó sì mú kó dínwó. Ẹ ò rí i? Ohun tó gbè mí lẹ́sẹ̀ náà ló gbá mi létí. Nígbà tí mo sọ fún Alhaji tó ń ta èlùbọ́ fún wa ládùúgbò, ó rẹ́rìn-ín títí omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó ní: "Gbọ́láhàn, àfi kó o wá Gbọ́láhàn mìíràn tà á fún." Mo ti ń wá a o. Èyí tí mo rí ní Edmonton ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan lòun ń wò.

N kò sọ pé ìwé náà kò ní ìdí. Ó ní. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn FBI ní Amẹ́ríkà tọpasẹ̀ àwọn oníjìbìtì kan tó fìdí kalẹ̀ sí gúúsù Kalifọ́níà, wọ́n pe iṣẹ́ náà ní Operation Bullpen, wọ́n sì ya wọ ilé wọn ní oṣù Kẹwàá ọdún 1999. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Greg Marino ló mọwọ́ rẹ̀ jù nínú wọn. Á jókòó, á sáìn orúkọ Babe Ruth, tó ti kú láti 1948, sára bọ́ọ̀lù béésìbọ́ọ̀lù, á sáìn ti Mickey Mantle. Nínú ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni bọ́ọ̀lù béésìbọ́ọ̀lù tí wọ́n fi orúkọ Mother Teresa sí. Mother Teresa! Ìyá tó ń tọ́jú adẹ́tẹ̀ ní Calcutta, ta ló bá a níbi tó ti ń gbá béésìbọ́ọ̀lù? Síbẹ̀ ẹnì kan ní láti rò pé òún máa rí i tà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí ni pé àwọn ẹrù yẹn ní ìwé. Sátífíkéètì wà lára iṣẹ́ náà, ó ń bá ẹrù lọ sí ọjà. Ayédèrú tó níwèé ń rìn fàlàlà, wọ́n ń rà á, wọ́n ń fi gíláàsì bò ó, wọ́n ń gbé e kọ́ ògiri pálọ̀. Tèmi tó jẹ́ òótọ́ ni kò níwèé. Ìwà olè ni wọ́n torí rẹ̀ dá ìwé sílẹ̀, olè ló kọ́kọ́ rí ìwé gbà, èmi ni wọ́n wá ń bi pé ìwé dà.

Wọ́n ti wá ọgbọ́n mìíràn o. Ilé-iṣẹ́ Upper Deck ti ń ṣe é láti 1992: wọ́n á jókòó ti eléré ìdárayá nídìí tábìlì, òṣìṣẹ́ wọn á dúró tì í, á máa wò ó bó ṣe ń sáìn, wọ́n á lẹ sítíkà tó ń dán wìnrìnwìnrìn tó ní nọ́ńbà mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Ó dára. Mo kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó: ẹlẹ́rìí tí wọ́n ń san owó oṣù fún ni wọ́n gbà gbọ́. Ní kóòtù ìbílẹ̀ tí bàbá mi máa ń mú mi lọ, bí wọ́n bá ti gbọ́ pé wọ́n sanwó fún ẹlẹ́rìí, ẹjọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Èmi tí ẹnikẹ́ni kò fún ní kọ́bọ̀, tí mo tiẹ̀ gba èébú ìyàwó mi lórí rẹ̀, èmi ni ẹ̀rí mi kò tó.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ẹ̀rí ẹnu kì í ṣiṣẹ́ níbí. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1972, ní Moscow, Paul Henderson gbá góòlù tí Kánádà fi borí Soviet nígbà tó ku ìṣẹ́jú-àáyá 34. Jẹ́sì tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, ó fi ta olùtọ́jú ikọ̀ wọn lọ́rẹ. Ní 2010 wọ́n lu aṣọ yẹn ní gbàǹjo, ó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Ibi tí ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹnì kan ní, òun ló fún mi. Òótọ́ ni pé lórí àwọn aṣọ tí wọ́n wọ̀ gbá họ́kì, wọ́n tún máa ń fi fọ́tò ọjọ́ eré wé ojú ìrán àti ibi tó ti ya àti àpá rọ́bà, títí yóò fi bára mu. Ṣùgbọ́n èmi náà ní àpá lára tèmi! Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ rírò ta sí i lápá òsì lọ́jọ́ tí Ayọ̀ pé ọmọ ọdún kan. Fọ́tò wà. Ẹnikẹ́ni kò béèrè rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí wọ́n fi ń já mi láyà. Ní 2021, káàdì Gretzky kan, páálí pẹlẹbẹ kékeré tí ilé-iṣẹ́ O-Pee-Chee tẹ̀ ní 1979, tà ní mílíọ̀nù 3.75 dọ́là. Wọ́n ní kò sí àbàwọ́n lára rẹ̀, wọ́n fún un ní máàkì 10 nínú 10. Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá oníṣọ́ọ̀bù bóyá Gretzky sáìn ín dáadáa. Ó ní kò sáìn ín rárá. Kò sáìn ín! Èyí tí kò sẹ́ni tó kọ nǹkankan sí ló kó mílíọ̀nù wálé. Bí mo bá mọ̀, mi ò ní dá ọkùnrin yẹn dúró nínú òtútù.

Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lóru gbé ọ̀pá họ́kì kan kọ́ ògiri ilé rẹ̀, bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un, orúkọ odindi ikọ̀ wà lára rẹ̀. Mo bá a fi gíláàsì wò ó, níwọ̀n bí èmi náà ti di ògbóǹtarìgì. Títẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ló tẹ gbogbo orúkọ yẹn sí i nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, yíǹkì gbogbo wọn dọ́gba, kò sí ibi tí ìlà kan ti gun ìlà kejì. Ó sì sàn bẹ́ẹ̀ ju èyí tí olùtọ́jú aṣọ ikọ̀ bá jókòó sí yàrá tó ń sáìn fún gbogbo àwọn tí kò ráyè, ìyẹn náà ń ṣẹlẹ̀. Mo sọ fún un. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́, bàbá òun náà mọ̀, inú àwọn dùn sí i bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yẹn ń sùn dáadáa. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé tirẹ̀ gbóná sì ń ṣiṣẹ́.

Ilé wa ti gbóná báyìí, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló yá wa lówó, ó sì ń rán mi létí. Ọmọ mi ti dàgbà tó láti máa dá sí ọ̀rọ̀. Tij, ọmọ Iginla, ni ẹgbẹ́ Utah mú ní ipò kẹfà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NHL ń yan àwọn ọ̀dọ́ agbáhọ́kì ní 2024, Ayọ̀ sì ní òun fẹ́ gba ìbuwọ́lùwé tirẹ̀. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n kó mú ẹni tó máa ya fídíò dání, kó mú ìwé ìròyìn ọjọ́ náà, kó rí i pé orí nọ́ńbà ló sáìn sí, kó má sì dárúkọ ara rẹ̀ rárá. Bó bá sì ṣeé ṣe, kó bẹ bàbá àgbà Tij tó jẹ́ lọ́yà kó dúró tì wọ́n. Ìyá rẹ̀ ní kí n fi ọmọ òun sílẹ̀.

Jẹ́sì náà padà dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ọmọkùnrin tó gbé e wá kan ilẹ̀kùn, ó ní wọ́n dá owó lé ẹrù yìí, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ sáìn kí òun tó lè fi í sílẹ̀. Ó na fóònù ńlá kan sí mi. Kò sí kálàmù. Ó ní kí n fi ìka kọ ọ́. Ọwọ́ mi tutù, ojú fóònù náà tutù, mo fa ìka, ìlà náà wọ́, ó lọ sókè, kò padà wá. Kò sí Gb nínú rẹ̀, kò sí lẹ́tà kankan nínú rẹ̀, èmi fúnra mi kò lè jẹ́rìí sí i. Ọmọ náà wò ó fìrí, ó ní ó ti tó, ẹ ṣeun, sà. Ó gbé páálí lé mi lọ́wọ́, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Mo gbé bàtà ilé wọ̀, mo tẹ̀ lé e jáde sínú yìnyín. Mo ní, "Dúró ná! Báwo lo ṣe mọ̀ pé èmi ni?"